Kí Ló Ń Gba Bàálù Sílẹ̀ Lọ́wọ́ Omi?

Ẹ mú síbí kan. Ẹ fi ìka méjì di ìdí rẹ̀ mú kí ó máa fì, kí ẹ wá rọra sún ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ omi tó ń ya láti ẹnu ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á rò pé omi á ti síbí náà sẹ́yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹ̀yìn síbí bá ti kan omi báyìí, ṣe ni omi á fà á wọlé, á sì dì í mú, débi pé ẹ óò ní láti fi agbára díẹ̀ yọ ọ́. Bí omi bá ń sáré gba ara ohun tó rí roboto kọjá, ó máa ń fa nǹkan ọ̀hún mọ́ra.

Ẹ gbé síbí sílẹ̀ ná. Ní ọdún 1935, bàálù kan fò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ìdí rẹ̀ kò ní táyà, ọkọ̀ ojú omi gidi ni. Isaac Laddon, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Consolidated, ló yàwòrán rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ náà. PBY ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n rà á fún ogun àgbáyé kejì, ló sọ ọ́ ní Catalina, orúkọ erékùṣù kan tó wà lẹ́bàá California, orúkọ yìí ló sì mọ́ ọn lára títí dòní. Bí wọ́n bá rọ epo sí i kún, tí wọ́n so bọ́ǹbù mọ́ ọn, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì wọlé, ìwọ̀n rẹ̀ a tó tọ́ọ̀nù 16. Gbogbo ìwọ̀n yìí ló jókòó sínú omi, tí omi sì dì í mú bó ṣe di síbí mú. Kí ló wá ń já a gbà?

Bí a bá dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa, a óò tún mọ ìdí tí bàálù tó lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ fi ṣe ohun tí àwọn tó yára jù ú lọ kò lè ṣe nínú ogun náà, àti ìdí tí irú rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n lónìí.

Bí ẹ bá wo ìdí Catalina nígbà tí wọ́n bá fà á gòkè sórí ilẹ̀, ẹ óò rí i pé ìdí náà kò lọ gbọọrọ láti imú dé ìrù. Níwájú, ó mú ní àárín kí ó lè la ìgbì. Ṣùgbọ́n bó ṣe dé abẹ́ apá, ó já lójijì: irin tó ń bọ̀ láti iwájú dópin, èyí tó ń lọ sẹ́yìn sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pe ibi tó já yìí ní ìpele. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè rò pé ọwọ́ àwọn tó kọ́ ọkọ̀ náà ló yẹ̀. Òun gan-an ló ń já bàálù gbà.

Nígbà tí bàálù bá dúró, kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ ojú omi yòókù: ó ti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi sì gbé e. Awakọ̀ a wá fún ẹ́ńjìnnì méjèèjì ní epo kún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní agbára ẹṣin 1,200. Imú ọkọ̀ a gbé sókè, ìrù a rì, omi a máa fọ́n sọ́tùn-ún sósì. Ní àsìkò yìí, ọkọ̀ náà ń gun ìgbì tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Kò sí ibi tí agbára ti ń tán tó ibẹ̀. Bàálù tí ẹrù rẹ̀ bá ti pọ̀ jù lè máa pariwo níbẹ̀ títí, kí ó máa la omi lọ díẹ̀díẹ̀, kí ó má sì gbéra.

Bó bá borí ìgbì yẹn, nǹkan á yí padà. Eré ti pọ̀ débi pé omi tí ìdí ọkọ̀ ń gbá mọ́lẹ̀ kò ráyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́, ó wá ń ti ọkọ̀ náà sókè. Ọkọ̀ kò léfòó mọ́, ó ń sáré lórí omi. Ikùn rẹ̀ a máa jáde díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé ibi kékeré kan, níwájú ìpele gan-an, ló ṣẹ́kù tí omi ń kàn. Omi tó bá dé etí ìpele kò lè ṣẹ́rí lójijì kí ó gun apá ẹ̀yìn. Ó ń bá eré rẹ̀ lọ tààrà. Àyè wá ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ìpele, atẹ́gùn sì wọ ibẹ̀. Níbi tí atẹ́gùn bá ti wà láàrin omi àti irin, omi kò rí nǹkan dì mú mọ́. Ká ní ìpele kò sí ni, omi á tẹ̀ lé ìdí ọkọ̀ dé ìrù. Bí awakọ̀ bá sì ṣe ń fa imú sókè, bẹ́ẹ̀ ni ìrù á máa wọnú omi sí i.

Ní gbogbo àsìkò yìí, apá bàálù ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Bí eré ṣe ń pọ̀ ni apá ń gba ẹrù lọ́wọ́ omi, díẹ̀ díẹ̀, títí omi kò fi ní nǹkan kan láti gbé mọ́. Ìgbà náà ni awakọ̀ a fa ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mọ́ra, tí bàálù á sì kúrò.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: omi tó pa rọ́rọ́ ló ṣòro jù láti gbéra lórí rẹ̀. Ìgbì wẹ́wẹ́ a máa kó atẹ́gùn sábẹ́ ọkọ̀, omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ kì í kó nǹkan kan. Nígbà mìíràn, awakọ̀ a máa fi bàálù rẹ̀ pòyì lórí omi kí òun lè da ojú rẹ̀ rú, kó tó wá sáré gba ibi tó ti dàrú náà kọjá. Bíbalẹ̀ sórí irú omi bẹ́ẹ̀ tún burú ju gbígbéra lọ, nítorí pé ojú ènìyàn kò lè mọ ibi tí òfuurufú ti parí tí omi ti bẹ̀rẹ̀.

Laddon tún ní wàhálà mìíràn. Omi tó ń fọ́n sókè lè ba abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì jẹ́, pàápàá omi iyọ̀. Ó wá gbé apá, tó fẹ̀ tó mítà 31, àti ẹ́ńjìnnì méjèèjì lọ sókè pátápátá, lórí òpó kan tó nípọn tó dúró lẹ́yìn yàrá awakọ̀. Ẹnjiníà ọkọ̀ ló ń jókòó sínú òpó yẹn, tí á máa wo ẹ́ńjìnnì láti ojú fèrèsé kéékèèké. Kí bàálù má bàa dojú dé lórí omi, ọkọ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan wà ní ṣóńṣó apá méjèèjì tó ń gbé e ró. Bí bàálù bá ti gbéra, wọ́n á ká àwọn ọkọ̀ kékeré náà sókè, wọ́n á sì di ṣóńṣó apá. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí ju gbogbo ìyókù lọ: ohun tó jẹ́ ẹrù lójú òfuurufú, ó sọ ọ́ di apá.

Kò sí bí a ṣe lè gbé odindi ọkọ̀ ojú omi kọ́ra ká tún máa sáré. Eré tí Catalina fi ń ṣiṣẹ́ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 200 láàrin wákàtí kan lọ, nígbà tí àwọn bàálù ajagun ìgbà náà ń sá ju 500 lọ. Àmọ́ inú apá rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń rọ epo sí, ju 6,000 lítà lọ, ó sì lè rin nǹkan bíi 4,000 kìlómítà kí epo tó tán. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù kékeré wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń gbóúnjẹ kaná. Ènìyàn méje sí mẹ́wàá ló ń bá a lọ, iṣẹ́ tó sì pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wo omi lọ.

Wíwo omi yìí ló sọ ọ́ di olókìkí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1941, Bismarck, ọkọ̀ ogun Jámánì, mú Hood, ọkọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn, rì sínú òkun Àtìláńtíìkì. Lọ́jọ́ kejì, Bismarck pòórá mọ́ gbogbo àwọn tó ń lépa rẹ̀ lójú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 26, Catalina kan tó gbéra láti Lough Erne ní Northern Ireland rí i lábẹ́ ìkùukùu. Dennis Briggs ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. Ẹni tó jókòó tì í, Leonard Smith, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ni. Amẹ́ríkà kò tíì wọ ogun nígbà náà, nítorí náà wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa mọ́. Bismarck yìnbọn sí wọn, wọ́n sá wọ ìkùukùu, wọ́n sì fi rédíò ránṣẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn bàálù tó gbéra látorí ọkọ̀ Ark Royal ju tọ̀pídò tó ba ìtọ́kọ̀ Bismarck jẹ́. Ní ọjọ́ 27 ó ti rì. Ìtàn ìgboyà ni wọ́n máa ń fi èyí ṣe, ìgboyà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lójú tèmi, ìtàn epo ni. Bàálù tó bá yára ì bá ti padà sílé lọ rọ epo.

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọn kì í rí nǹkan kan. Ẹ mú Èkó gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń da àwọn ọkọ̀ akẹ́rù láàmú létíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú kan sílẹ̀ lẹ́bàá Freetown ní 1942, Ẹgbẹ́ 270, tó ń lo Catalina. Ní 1943 wọ́n kó ẹgbẹ́ náà wá sí Àpápá. Ọ̀sà Èkó tẹ́jú, ìgbì òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní láti da kọnkéré kankan kí bàálù tó lè balẹ̀. Àwọn awakọ̀ á gbéra, wọ́n á wo òkun láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n á padà. Ẹ má ṣe rò pé òfo ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ abẹ́ omi ayé ìgbà yẹn kò lè pẹ́ nísàlẹ̀. Bátìrì ló fi ń rìn lábẹ́ omi, ó sì gbọ́dọ̀ jáde síta kí ẹ́ńjìnnì díísù rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́, kí bátìrì tó lè gba iná. Nísàlẹ̀, kò yára tó ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lépa. Bí bàálù bá ti ń fò lókè, ọkọ̀ abẹ́ omi á rì kí wọ́n má bàa rí i, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù á sì bá tiwọn lọ. Bàálù lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé pérépéré láì mọ̀ pé ẹnì kankan wà nísàlẹ̀.

Ní Gibraltar, ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n lò. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi máa ń pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á jẹ́ kí ìṣàn omi gbé wọn wọ òkun Mẹditaréníà láì pariwo, etí kò sì lè gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà ńlá, irin tó pọ̀ tó ti ọkọ̀ abẹ́ omi a sì máa yí agbára òòfà náà po díẹ̀ níbi tó bá wà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tó lè mọ ìyípadà yìí sínú Catalina. Kí ẹ̀rọ náà tó lè mọ̀ ọ́n, bàálù ní láti fò nílẹ̀ nílẹ̀, ní nǹkan bíi mítà 30 sójú omi, kí ó sì rọra. Àfi bíi pé iṣẹ́ tí wọ́n dìídì dá Catalina fún nìyẹn. Ní oṣù Kejì ọdún 1944, ẹgbẹ́ tó ń fò síwá sẹ́yìn lórí ẹnu ọ̀nà òkun náà rí ọkọ̀ abẹ́ omi U-761 báyìí, òpin sì dé bá a.

Ìrìn-àjò kan wà tí mo máa ń rò pé àwọn tó yàn án kò mọ̀rọ̀. Nígbà tí Jèpáánù gba Singapore, ọ̀nà òfuurufú láàrin Ọsirélíà àti Britain já. Láti 1943, ilé iṣẹ́ Qantas fi Catalina márùn-ún so ó padà, láti Perth títí dé adágún Koggala ní Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí: 5,600 kìlómítà lórí òkun, láì dúró níbì kankan, láì sọ̀rọ̀ lórí rédíò, pẹ̀lú ìràwọ̀ gẹ́gẹ́ bí amọ̀nà. Epo tí wọ́n gbé pọ̀ débi pé èrò mẹ́ta péré ni àyè gbà, pẹ̀lú lẹ́tà ìwọ̀n kílò 69. Ìrìn náà ń gba wákàtí 27 sí 33. Èrò á rí yíyọ oòrùn lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á sì fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ojú rẹ̀ rí i. Wọ́n kọjá nígbà 271, kò sí ọkọ̀ kankan tó sọnù.

Àmọ́ ibi tí mo ti rí ohun tí ikùn ọkọ̀ náà wà fún ni òkun Pàsífíìkì, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1945. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kan, Indianapolis, ti gbé apá kan bọ́ǹbù átọ́míìkì lọ sí erékùṣù Tinian. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ọkọ̀ abẹ́ omi Jèpáánù ju tọ̀pídò lù ú ní òru ọjọ́ 30 oṣù Keje. Ó rì kíákíá. Àwọn tó bọ́ sómi lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ, kò sì sẹ́ni tó ń wá wọn. Oòrùn, òùngbẹ àti ẹja ṣáàkì ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí bàálù kan fi ṣèèṣì rí wọn.

Awakọ̀ kan, Adrian Marks, ló gbé Catalina lọ síbẹ̀. Òfin kà á léèwọ̀ fún wọn láti balẹ̀ sórí agbami, ìdí òfin náà sì yé ni. Gbogbo ohun tí a sọ lórí ìpele, ọ̀sà tàbí omi èbúté ló bá a mu. Lórí agbami, ìgbì tó ga ju mítà mẹ́ta lọ lè gbá ikùn ọkọ̀ lásìkò tó ń sáré jù, kí àwọn ìṣó tó so irin pọ̀ máa já. Àwọn òṣìṣẹ́ Catalina mọ èyí. Ohun tí wọ́n bá rí, títí kan pẹ́ńsù, ni wọ́n fi máa ń dí ihò tí ìṣó bá ti já. Marks rí i láti òkè pé ṣáàkì ń jẹ àwọn ènìyàn. Ó bi àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ léèrè, wọ́n gbà, ó sì balẹ̀. Ọkọ̀ fò sókè lórí ìgbì kó tó dúró. Wọ́n kó àwọn tó ń dá wẹ̀ ṣáájú, nítorí pé àwọn tó wà pọ̀ lójú kan ṣì lè ran ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí inú ọkọ̀ kún, wọ́n tẹ́ àwọn ènìyàn sórí apá, wọ́n sì fi okùn páráṣúùtì dè wọ́n mọ́ ibẹ̀. Ènìyàn 56 ni wọ́n gbà là. Bàálù náà kò lè gbéra mọ́, kò tilẹ̀ gbìyànjú. Ó dúró bí ọkọ̀ ojú omi títí ọkọ̀ ogun Cecil J. Doyle fi dé lóru. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yìnbọn rì í. Gbogbo àwọn tó yè nínú Indianapolis jẹ́ 316.

Ogun parí, ó sì mú ìparí bá irú ọkọ̀ yìí pẹ̀lú. Ní ọdún 1935, ìlú tó ní pápákọ̀ òfuurufú gígùn kò pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo èbúté ló ní omi. Ogun ló da kọnkéré káàkiri ayé, títí dé àwọn erékùṣù tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn tẹ́lẹ̀. Bí ibi ìbalẹ̀ bá ti wà lórí ilẹ̀, kí ni ènìyàn ń gbé ọkọ̀ ojú omi kọ́rùn fún? Omi iyọ̀ tún ń jẹ irin lójoojúmọ́. Àwọn Catalina Qantas tó rin ọ̀nà Perth, òkun ni wọ́n rì wọ́n sí.

Àwọn yòókù dé ọwọ́ ẹni tó bá lówó. Ní 1948, Catalina kan tó ń kó èrò láàrin Macau àti Hong Kong di bàálù èrò àkọ́kọ́ tí àwọn ọ̀daràn fẹ́ já gbà lójú òfuurufú. Ó já sómi, ẹnì kan ṣoṣo ló yè, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀daràn náà sì ni. Ní Brazil, níbi tí Catalina kan tí wọ́n ń pè ní Arará ti lọ́wọ́ nínú rírì ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, U-199, létí Rio ní 1943, àwọn ọmọ ogun òfuurufú ń lò ó títí di 1982. Odò Amazon gùn, igbó rẹ̀ sì dí; ibi tí kò ní ọ̀nà ní odò, odò náà ni wọ́n ń bà lé láti kó oògùn àti lẹ́tà fún àwọn ará abúlé.

Iṣẹ́ kan wà tí kọnkéré kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, iná igbó. Bàálù tó ń sáré lórí ìpele lè ki ọ̀pá oníhò kan bọ inú adágún, eré rẹ̀ á sì máa ti omi wọ ikùn rẹ̀ láì lo ẹ̀rọ ìfami kankan. Kò rọrùn fún awakọ̀, nítorí bí ikùn ṣe ń wúwo ni ọkọ̀ ń fẹ́ padà wọnú omi, ó sì gbọ́dọ̀ máa fi agbára kún agbára kí ìpele má bàa rì. Canadair, ilé iṣẹ́ tó ti ń kọ́ Catalina ní Kánádà nígbà ogun, ló wá ṣe bàálù panápaná CL-215, tó fò ní 1967. Àbúrò rẹ̀, CL-415, ń gbé omi tó ju 6,000 lítà lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá 12.

Iṣẹ́ kejì ni ti Marks. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi ọkùnrin méjì láti Jèpáánù fọ́ ní nǹkan bíi 1,200 kìlómítà sétí ilẹ̀, níbi tí hẹlikọ́pítà kò lè dé. Bàálù US-2 ti àwọn ọmọ ogun ojú omi Jèpáánù ló lọ kó wọn, lórí ìgbì mítà mẹ́ta. US-2 ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin tó ń fà á, àti ìkarùn-ún tí kì í fà á rárá. Iṣẹ́ ìkarùn-ún yìí ni láti máa fẹ́ atẹ́gùn gba orí apá kọjá, kí bàálù lè lọ́ra dé nǹkan bíi kìlómítà 90 láàrin wákàtí kan kó tó kan omi, kó má sì jábọ́.